Ta Ni Iwin Nínú Ìtàn Yìí?

Irú ayé kan wà tí kò sú àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti máa dá sínú ìwé. Lọ́ńdọ̀nù ni, ti ayé Ọbabìnrin Victoria tàbí ti ìgbà tó ṣáájú rẹ̀ díẹ̀. Àtùpà gáàsì ń tàn lójú títì, ẹṣin ń fa kẹ̀kẹ́ olówó, ọkùnrin dé fìlà gogoro, aṣọ obìnrin ń gbálẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú Lọ́ńdọ̀nù tí mò ń wí yìí, idán ń jẹ́. Onídán ní ọ́fíìsì, ó ní akọ̀wé; bí ogun bá dé, mínísítà á ránṣẹ́ pè é. Iwin ń wọlé tọ ìyàwó olóyè lóru, ó sì ń bá ọkùnrin inú ilé dá májẹ̀mú bí ẹni ń ra ilẹ̀. Mo fẹ́ràn irú ìwé bẹ́ẹ̀ púpọ̀. Àmọ́ bí mo bá ti pa á dé tán, ìbéèrè kan kì í jẹ́ kí n sùn bọ̀rọ̀: nínú gbogbo ìgbà tí ayé ti là kọjá, kí ló dé tó jẹ́ ìgbà yẹn ni wọ́n ń yàn ṣáá?

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ìgbà yẹn ni iwin ń kó ẹrù kúrò nílẹ̀ wọn. Victoria gorí ìtẹ́ ní 1837, ó sì wàjà ní 1901. Láàárín kan náà ni ojú irin la oko àti igbó kọjá, ni ẹ̀rọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ahunṣọ, ni wáyà tẹligíráàfù gba abẹ́ òkun láti Ireland dé Amẹ́ríkà. Wáyà àkọ́kọ́, ti 1858, kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tó fi dákẹ́. Ti 1866 ló wá dúró. Ọ̀rọ̀ ń rìn lábẹ́ omi láìsí ẹni tó gbé e: kí ló tún kù tí iwin fẹ́ fi yangàn? Àwọn ará Ireland àti Scotland sì ti mọ̀ tipẹ́ pé iwin kì í fẹ́ fojú kan irin. Wọ́n á kan bàtà ẹṣin mọ́ òkè ilẹ̀kùn, wọ́n á fi ẹ̀mú ìdáná dábùú ibùsùn ọmọ tuntun. Ẹni tó bá ti gbọ́ orúkọ Ògún rí kò ní bá wọn jiyàn. Ayé Victoria wá jẹ́ ayé irin pọ́ńbélé, láti afárá dé inú yàrá ìdáná.

Síbẹ̀, wọn kò lé iwin tán. Wọ́n sọ ọ́ di kékeré ni. Iwin àtijọ́ ilẹ̀ Scotland àti Ireland kì í ṣe ohun ìṣeré. Ó ga bí ènìyàn, ó sì lẹ́wà ju ènìyàn lọ. Ààfin rẹ̀ wà lábẹ́ òkè, ijó àti àsè kì í dá níbẹ̀. Àmọ́ ajínigbé ni. Ó ń gbé ọmọ tuntun, ó ń gbé abiyamọ tí ọmú rẹ̀ kún, ó ń gbé olórin tí ohùn rẹ̀ dùn, á sì fi ohun mìíràn tó jọ wọ́n sípò wọn kí ará ilé má baà tètè fura. Ẹni tó bá jẹ oúnjẹ wọn, ọ̀nà ilé ti di mọ́ ọn. Bí wọ́n bá fún ọ ní wúrà lálẹ́, ewé gbígbẹ lo máa bá lápò láàárọ̀. Bí wọ́n bá sì bá ọ dá májẹ̀mú, ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu rẹ jáde ni wọ́n á fi mú ọ. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ kò kàn wọ́n. Robert Kirk, àlùfáà ìjọ Aberfoyle ní Scotland, kó púpọ̀ nínú ìmọ̀ yìí jọ sínú ìwé ní nǹkan bí 1691. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló kú. Àwọn ará àdúgbò ní irọ́ ni, pé àlùfáà kò kú, pé àwọn tó kọ̀wé nípa wọn ló wá mú un lọ.

Irú ẹ̀dá yìí ni ayé Victoria gé kúrú, tó lẹ ìyẹ́ labalábá mọ́ lẹ́yìn, tó gbé sí yàrá ọmọdé. Ní 1889, Andrew Lang gbé ìwé àlọ́ iwin elẹ́yìn búlúù jáde. Nígbà tó fi máa di 1910, ìwé náà ti di méjìlá, kálukú pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Leonora, ìyàwó Lang, ló sì ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ wọn. Àwa náà kúkú ní kékeré tiwa. Egbére ń sunkún kiri pẹ̀lú ẹní lábẹ́ apá, wọ́n sì ní ẹni tó bá lè gba ẹní náà, tó lè fara da ẹkún rẹ̀, yóò di olówó. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí òbí Yorùbá tó ń fi ọ̀rọ̀ egbére rẹ ọmọ sùn.

Àwòrán kan wà ní ilé àwòrán Tate ní Lọ́ńdọ̀nù tó dà bíi pé ó mọ ohun tí ìyẹ́ labalábá yẹn ń bò mọ́lẹ̀. Kò tóbi: ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 54, ìbú rẹ̀ kò sì pé 40. Richard Dadd ló kùn ún. Orí ọkùnrin náà dàrú nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó pa bàbá rẹ̀ ní 1843, wọ́n sì tì í mọ́ ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Bethlem. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ àwòrán yìí ní nǹkan bí 1855, ó sì wà lẹ́nu rẹ̀ títí di 1864 tí wọ́n gbé e lọ sí Broadmoor. Ẹ sún mọ́ ọn. Koríko gígùn dábùú iwájú, bíi pé inú igbó lẹ ti ń yọjú wò wọ́n. Lẹ́yìn koríko ni àwọn iwin pé jọ sí gátagàta, òmíràn ga, òmíràn kò ju kòkòrò lọ. Ní àárín, ọkùnrin kan kẹ́yìn sí wa, ó gbé àáké sókè. Ó fẹ́ la èso igi kan sí méjì kí wọ́n lè fi ṣe ọkọ̀ tuntun fún ọbabìnrin iwin. Ọ̀pọ̀ ojú wà lára àáké. Kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Láti ayé Victoria títí di òní, àáké náà kò tíì sọ̀kalẹ̀.

Mo máa ń rò ó pé odidi ìlú dáwọ́ iṣẹ́ dúró nítorí ọkọ̀ ọbabìnrin kan. Bí Dadd ṣe kùn wọ́n kéré tó, kò sí ohun ìtùnú kan nínú wọn. Ojú wọn le, wọ́n ń dúró de àṣẹ. Ìlú ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó rí iwin báyìí, lẹ́yìn náà ó wá gbé ohun tó rí kọ́ sára ògiri kí èrò máa wá wò ó.

Bí ẹ bá kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, iwin kò tiẹ̀ kéré rárá. Ní oṣù kẹta ọdún 1895, ní Ballyvadlea, abúlé kan ní Tipperary nílẹ̀ Ireland, àìsàn dá Bridget Cleary gúnlẹ̀. Aránṣọ ni, kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ. Ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ tirẹ̀, ó ń sin adìẹ, ó ń ta ẹyin, owó ọwọ́ rẹ̀ sì tó o ná. Ọkọ rẹ̀, Michael, tí ń kan àgbá onígi, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹni tó dùbúlẹ̀ yìí kì í ṣe ìyàwó òun, pé iwin ti gbé ìyàwó òun lọ. Wọ́n fún un lágbo mu tipátipá. Wọ́n dì í mọ́lẹ̀, wọ́n ń bi í lórúkọ Ọlọ́run bóyá òun ni Bridget. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù náà, ọkọ gbé búrẹ́dì pẹ̀lú jáàmù síwájú rẹ̀, ègé mẹ́ta: kí ó jẹ ẹ́, kí ó sì máa dárúkọ ara rẹ̀. Ó jẹ méjì. Ẹ̀kẹta ni kò tètè gbé mì. Ọkọ bì í lulẹ̀, ó da epo àtùpà sí i lára, iná sì gbà á. Lẹ́yìn ìyẹn, Michael ń lọ dúró lóru níbi òkìtì kan tí wọ́n ní iwin ń gbé, ó ń retí kí ìyàwó rẹ̀ gun ẹṣin funfun jáde, kí òun lè já a gbà. Iléẹjọ́ rán an lẹ́wọ̀n ogún ọdún, ó sì ṣe mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níbẹ̀.

Ohun tó mú mi ronú jù ni ohun tí àwọn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ òmìnira Ireland ń jà ràn-ìn ni, àwọn ìwé ìròyìn kan sì rí àwáwí: ẹ wo àwọn tó ní àwọn fẹ́ máa ṣèjọba ara wọn, wọ́n ṣì ń sun ìyàwó nítorí iwin. Lọ́dún kan náà, ìwé Lang wà lórí ìrọ̀rí ọmọ àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn náà. Iwin kan ṣoṣo ni: nínú yàrá ọmọ olówó, lítíréṣọ̀ ni, lábúlé tálákà, àìlajú ni. Àwa tí míṣọ́nnárì wá tẹ̀dó sọ́dọ̀ wa ní Abẹ́òkúta ní 1846 mọ òṣùwọ̀n méjì yẹn dáadáa. Àlọ́ tiwọn wá nínú ìwé tó dára, tiwa di ohun tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń jẹgba lé lórí.

Nínú àwọn tó ti dá Lọ́ńdọ̀nù iwin yìí sílẹ̀, Susanna Clarke ni mo rò pé ó wo ọ̀rọ̀ náà lójú jù lọ. Ìwé rẹ̀, Jonathan Strange & Mr Norrell, jáde ní 2004, ó sì gba ẹ̀bùn Hugo ní 2005. Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ ní 1806, nígbà tí wọ́n ń bá Napoleon jagun, nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kí Victoria tó jọba. Onídán kan tó ń jẹ́ Norrell fẹ́ kí ìjọba gba iṣẹ́ òun gbọ́. Ọmọbìnrin tí mínísítà kan fẹ́ gbé níyàwó kú. Norrell pe iwin kan tí irun rẹ̀ funfun bí òwú, ó bẹ̀ ẹ́ kí ó jí ọmọ náà. Iwin ní kò burú, kí wọ́n ṣáà fún òun ní ìdajì ọjọ́ ayé rẹ̀. Norrell rò ó wò: ìdajì tó gbẹ̀yìn ni yóò jẹ́, nígbà tí arúgbó bá ti dé; ìyẹn kì í ṣe owó ńlá. Ó gbà. Iwin gé ìka ọmọńdinrín ọmọ náà mú lọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, òkú sì dìde. Ṣùgbọ́n iwin kò dúró de arúgbó. Ìdajì ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ló mú. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, á gbé obìnrin náà lọ sí ààfin rẹ̀, á mú un jó títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Lójú ọ̀sán, obìnrin náà kò ní agbára kankan. Bí ó bá la ẹnu láti sọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí, ìtàn mìíràn tí kò nílé tí kò lọ́nà ni yóò jáde. Àwọn tó ń gbọ́ ọ ní orí rẹ̀ ti yí.

Nínú ilé mínísítà tó fẹ́ obìnrin yìí ni ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan wà tó ń darí gbogbo ìránṣẹ́. Stephen Black ni wọ́n ń pè é. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ẹrú, ó sì kú nínú ọkọ̀ ojú omi tó bí i sí. Iwin fẹ́ràn Stephen. Ó fún un láṣọ, ó fún un ní ohun ọ̀ṣọ́, ó ní òun yóò fi í jọba, alaalẹ́ ló sì ń mú òun náà lọ síbi ijó. Kò fìgbà kan bi í pé ṣé o fẹ́. Ẹ̀bùn ń pọ̀ sí i, oorun Stephen ń dín kù. Ọgbọ́n Clarke hàn sí mi níbi tó ti jẹ́ kí á rí i pé ọ̀gá Stephen lọ́sàn-án àti iwin rẹ̀ lóru, irú kan náà ni wọ́n. Àwọn méjèèjì rò pé àwọn ń ṣe é lóore. Nígbẹ̀yìn, Stephen ló pa iwin náà, òun ló sì jọba ní ààfin rẹ̀.

Nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ Stephen yìí ni ọkàn mi kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, tó gba ọ̀nà Òkè-Ọ̀dàn ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò. Ní 1848, àwọn ọmọ ogun Dahomey kó ìlú náà. Wọ́n pa àwọn òbí ọmọdébìnrin kan tó tó ọmọ ọdún márùn-ún, wọ́n sì mú òun lọ sí Abomey. Ní 1850, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, Frederick Forbes, wá bẹ Ọba Ghezo pé kí ó jáwọ́ nínú òwò ẹrú. Ghezo kò jáwọ́, ṣùgbọ́n ó fi ọmọ náà ta Victoria lọ́rẹ. Ọkọ̀ Bonetta ló gbé e kọjá òkun. Wọ́n fi orúkọ ọ̀gá ọkọ̀ àti orúkọ ọkọ̀ sọ ọ́: Sarah Forbes Bonetta. Àìná ni àwọn kan ní ó ń jẹ́ nílé. Kí ọdún náà tó parí, ó ti wà níwájú ọbabìnrin ní ààfin Windsor, ọbabìnrin sì gbà láti máa náwó lé e lórí. Ọmọ kékeré tí wọ́n gbé kọjá omi, ilé ńlá tí àsè kì í dá níbẹ̀, aṣọ tuntun, orúkọ tuntun, ọbabìnrin tó fẹ́ràn rẹ̀: bí wọ́n bá sọ ìtàn yìí fún Robert Kirk láìdárúkọ ìlú, ó máa mọ irú ibi tí wọ́n gbé ọmọ náà lọ.

Ẹ wá wo ọdún tó tẹ̀ lé e, 1851. Ní oṣù karùn-ún, wọ́n ṣí ilé gíláàsì ńlá kan ní ọgbà Hyde Park. Joseph Paxton ló ya àwòrán rẹ̀, irin àti gíláàsì ló pọ̀ jù lára rẹ̀, ó sì ga débi pé àwọn igi ńláńlá tí wọ́n bá lórí ilẹ̀ náà dúró láàyè nínú ilé. Ohun àrà gbogbo ayé ni wọ́n kó síbẹ̀; títí di oṣù kẹwàá, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà ìgbà tí ènìyàn gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wọlé. Kò sí iwin inú ìwé kankan tó kọ́ ààfin tó tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kọkànlá, Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoògùn, dé Windsor. Wọ́n tẹ́ àwòrán ilẹ̀ síwájú rẹ̀, ó fi ọ̀nà Èkó hàn wọ́n, ó sì ka Àdúrà Olúwa ní Yorùbá fún ọbabìnrin, ẹni tó gbádùn bí èdè náà ṣe dún. Ní oṣù kejìlá, ọjọ́ lẹ́yìn Kérésìmesì, ọkọ̀ ogun ọbabìnrin kan náà da àgbá àti rọ́kẹ́ẹ̀tì bo Èkó. Ọjọ́ kejì, púpọ̀ nínú ìlú ti jóná. Ọba Kòsọ́kọ́ sá, Akíntóyè gba ìtẹ́ padà. Ogun Agídíngbì ni àwọn ará Èkó ń pè é.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, májẹ̀mú dé. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ 1861, pẹ̀lú ọkọ̀ ogun Prometheus lórí omi àti ìhàlẹ̀ pé àgbá lè tún dún, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó fi Èkó fún ọbabìnrin. Ìwé náà gbà pé kí ó máa jẹ́ oyè ọba lọ, kí ó sì máa parí ẹjọ́ àwọn ọmọ ìlú tó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn yóò máa fún un lówó lọ́dọọdún. Ìwé tí wọ́n fi kún un ní 1862 ní kí ó jẹ́ 1,200 àpò owó ẹyọ. Bí mo bá ka èyí, ọ̀rọ̀ Norrell ló ń sọ sí mi lọ́kàn. Oyè kù sọ́dọ̀ Dòsùnmú, ilẹ̀ lọ. Ọ̀sán ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un, wọ́n mú òru. Owó ẹyọ fúnra rẹ̀ ń di yẹpẹrẹ sí i bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, títí owó fàdákà àwọn tó kọ ìwé náà fi gba ọjà lọ́wọ́ rẹ̀.

N kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rọrùn jù, nítorí iwin kì í wọlé láìsí ẹni tó ṣílẹ̀kùn. Norrell ló pe iwin rẹ̀. Ghezo, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, ló pa òbí Sarah tó sì fi ọmọ wọn tọrẹ. Kòsọ́kọ́ kò fẹ́ fi òwò ẹrú sílẹ̀, Akíntóyè ló sì ké sí Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n wá gba òun. Crowther tó nawọ́ sí Èkó lórí àwòrán ilẹ̀ ní ìdí tirẹ̀: ọmọ Yorùbá bíi tirẹ̀ wà lára àwọn tó mú un lẹ́rú ní 1821, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló sì já a gbà lórí òkun ní 1822. Bí ẹni kan bá gbà ọ́ lọ́wọ́ ikú, ṣé wàá tún máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ó kan ilẹ̀? Àwọn àgbà àlọ́ ilẹ̀ Ireland kò sọ pé iwin kì í ṣoore. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kí o mọ iye tí oore náà jẹ́ kí o tó gbà á, àti pé ẹni tó máa san owó rẹ̀ lè má sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń nájà.

Bóyá ìdáhùn sí ìbéèrè mi nìyí. Àwọn òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì ń padà sí ìgbà Victoria nítorí ìgbà yẹn ni iwin fi ilẹ̀ wọn sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rò. Nísinsìnyí mo rò pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ìgbà yẹn gan-an ni àwọn fúnra wọn di iwin fún ẹlòmíràn. Àwọn ló ń ti òkun jáde pẹ̀lú ohun àrà. Àwọn ló ń mú ọmọ lọ, tí wọ́n ń yí orúkọ padà, tí wọ́n ń kọ májẹ̀mú tí lẹ́tà rẹ̀ kò bá ohun tó wà lọ́kàn olùfọwọ́sí mu. Ìwé tó bá wá sọ pé ní ìgbà yẹn iwin wọ Lọ́ńdọ̀nù, tó ń jí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì gbé, ń dá wọn padà sípò ènìyàn, sípò ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. N kò sọ pé èrò burúkú ni. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo tí ọkàn ọmọ aráyé fi lè fojú kan ohun tí bàbá ńlá rẹ̀ ṣe, kí ó wọ bàtà ẹni tí wọ́n ṣe é sí. Clarke mọ̀, ìdí nìyẹn tí Stephen fi wà nínú ìwé rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń tẹ̀ lé e kò mọ̀, wọ́n kàn rí fìlà gogoro àti àtùpà gáàsì.

Ní tiwa, ẹni tó bá wọ inú ilé iwin gbọ́dọ̀ padà wá ròyìn. Láti 1938 tí Fágúnwà ti rán àwọn ọdẹ rẹ̀ wọ igbó irúnmalẹ̀, ẹni tó lọ tó bọ̀ ló ni ìtàn náà lẹ́nu. Sarah náà bọ̀. Ní oṣù kẹjọ 1862, ó fẹ́ James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò tí wọ́n bí ní Sierra Leone, ní Brighton. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ní ọdún náà: aṣọ ńlá fẹ̀ yí i ká, ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Àwọn méjèèjì wá tẹ̀dó sí Èkó, ó sọ ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Victoria, ọbabìnrin sì di ìyá ìsàmì ọmọ náà. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ló pa á ní Madeira ní 1880. Àmọ́ iwin tó gbé e kò rí ẹnu rẹ̀ dì. Kí ó tó ṣègbéyàwó, ó kọ lẹ́tà sí Ìyáàfin Schön tó gbà á sílé, ẹni tó ń pè ní Màmá: ó ní òun kò nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà, ó sì ń bi í bóyá ó yẹ kí òun fi ìbàlẹ̀ ọkàn òun ṣe pàṣípààrọ̀ owó. Ẹni tí wọ́n fi ta ọba lọ́rẹ nígbà tó wà lọ́mọdé ló ń béèrè iye tí òun jẹ́ yìí. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n sì so wọ́n pọ̀ síbẹ̀.

Nítorí náà, bí ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé wa kan bá fẹ́ dá ayé Victoria oníwin tirẹ̀ sílẹ̀, n kò ní sọ pé kí ó má ṣe é. Kí ó fi àtùpà gáàsì sí i, kí ó fi onídán sí i, kí idán sì jẹ́ dáadáa. Ohun kan ni mo máa bẹ̀ ẹ́ fún: kí ó jẹ́ kí ẹni tí wọ́n gbé lọ máa sọ ìtàn náà fúnra rẹ̀, láti orí omi Èkó títí wọ inú ààfin gíláàsì, kí ó sì dárúkọ ẹni tó san owó ohun kọ̀ọ̀kan tó rí níbẹ̀.